Bí a ṣe ń yọ ìdá kúrò nínú ìdá, àti bí a ṣe ń fi ìdá pín ìdá: ìtọ́sọ́nà pẹ̀lú téèpù télọ̀

Ara èèyàn kì í sábà bọ́ sí odidi íǹṣì. Bí télọ̀ bá wọn obìnrin kan, àyà lè jẹ́ 37 1/2, ìbàdí 29 3/4, gígùn apá 22 5/8. Kí ó tó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kankan sórí aṣọ, ó gbọ́dọ̀ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ó sì gbọ́dọ̀ pín òmíràn sí mẹ́rin. Iṣẹ́ yìí kan náà ni wọ́n ń gbé fún ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé ìṣirò rẹ̀, òun náà ló sì tún ń yọjú nínú ìdánwò WAEC àti NECO nígbà tó bá dàgbà.

Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ tí ọmọ tó gbọ́n ń sọ pé òun kò ní orí ìṣirò, tó sì jẹ́ pé ìdá nìkan ló dá a dúró. Lójú tèmi, ohun tó fà á ni pé òfin méjì tí kò jọra ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Fún ìyọkúrò, wọ́n ní kó wá nọ́ńbà ìsàlẹ̀ tó bára mu. Fún pínpín, wọ́n ní kó dojú èkejì dé, kó wá sọ ọ́ di púpọ̀. Ọmọ á há méjèèjì sórí, á sì dà wọ́n pọ̀ lọ́jọ́ ìdánwò. Nínú ìtọ́sọ́nà yìí, ọ̀nà kan náà ni a ó fi ṣe iṣẹ́ méjèèjì: a ó kọ́kọ́ sọ ìdá méjèèjì di ègé tó tóbi dọ́gba, lẹ́yìn náà a ó máa ka ègé bí ẹni ń ka ọsàn. Òfin ìdojúdé yẹn ṣì máa wọlé, àmọ́ ó dìgbà tí ẹ bá ti mọ ibi tó ti wá.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ wá bébà, bírò àti téèpù télọ̀. Téèpù tó wọ́pọ̀ lọ́jà gùn tó íǹṣì 60. Ẹ fi bírò sàmì síbi íǹṣì 36, torí ibẹ̀ ni yáàdì kan parí sí. Yáàdì ni a ó fi ṣe odidi nínú ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ tó ń bọ̀, ó sì nídìí. 36 ṣeé pín sí 2, 3, 4, 6, 9 àti 12 láìṣẹ́ kù. Ìdajì yáàdì jẹ́ íǹṣì 18, 1/3 rẹ̀ jẹ́ 12, 1/4 jẹ́ 9, 1/6 jẹ́ 6, 1/12 jẹ́ 3. Ìdáhùn yòówù tí ẹ bá rí lórí bébà, ẹ lè sọ ọ́ di íǹṣì, kí ẹ sì fi téèpù yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ tó bá lè yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò kò ní máa wo ojú tíṣà kó tó mọ̀ bóyá òun gbà á.

Nínú 3/4, 4 tó wà nísàlẹ̀ ń sọ iye ègé dọ́gbadọ́gba tí a pín odidi kan sí. 3 tó wà lókè ń sọ iye ègé tó wà lọ́wọ́ wa. Bí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ègé ń kéré sí i: 1/8 yáàdì jẹ́ íǹṣì 4 1/2, ìdajì 1/4 péré sì ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá èyí rí lórí téèpù, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ló gbà pé 1/8 ju 1/4 lọ, nítorí pé 8 ju 4 lọ.

Ohun méjì ló tún yẹ kó yọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Èkíní ni bí a ṣe ń sọ odidi pẹ̀lú ìdá di ìdá kan ṣoṣo. Ẹ mú 5 1/4. Inú odidi kọ̀ọ̀kan ni ìdá mẹ́rin ti ń jáde, nítorí náà 5 lọ́nà 4 jẹ́ 20. Ẹ fi 1 tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kún un, ó di 21/4. Láti dá a padà, ẹ wo iye ìgbà tí 4 wọ inú 21: ìgbà 5 ni, ó sì ṣẹ́ ku 1, ìyẹn 5 1/4. 

Èkejì ni bí a ṣe ń yí ègé padà láìyí ìwọ̀n padà. Bí ẹ bá gé ìdá mẹ́rin kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta, odidi á ní ègé 12, ègé 3 tó wà lọ́wọ́ yín á sì di 9. Ìwọ̀n kan náà ni 3/4 àti 9/12, íǹṣì 27 ni méjèèjì. Ohun tí ẹ bá fi sọ ìsàlẹ̀ di púpọ̀ ni kí ẹ fi sọ òkè náà di púpọ̀.

Àwọn akọ̀wé Íjíbítì àtijọ́ kò kọ 3/4 bí a ṣe ń kọ ọ́ yìí. Yàtọ̀ sí 2/3, ìdá tí 1 wà lókè rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ, tí wọ́n á wá tò ó jọ: 1/2 àti 1/4 ló ń dúró fún 3/4. Ìwé òrépèté tí wọ́n ń pè ní Rhind, tí akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Ahmes dà kọ ní nǹkan bí ọdún 1550 ṣáájú ìbí Jésù, ní iṣẹ́ pípín búrẹ́dì fún ọkùnrin 10 nínú. Télọ̀ tó ká yáàdì sí méjì, tó tún ká ìdajì rẹ̀ sí méjì kó lè rí 3/4, ohun tí Ahmes ń ṣe náà ló ń ṣe.

Ìyọkúrò

Bí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ bá jọra, kò sí wàhálà rárá. 7/8 − 3/8: ègé 7 ló wà nílẹ̀, ẹ mú 3 kúrò, ó ku 4. Ìdáhùn ni 4/8, tí í ṣe 1/2. Ìsàlẹ̀ kò yí padà torí pé bí ègé ṣe tóbi tó kò yí padà. Iye rẹ̀ ló dín kù.

Bí ìsàlẹ̀ kò bá jọra ńkọ́? Ká ní aṣọ 3/4 yáàdì wà lọ́wọ́ yín, ẹ sì fẹ́ gé 1/3 yáàdì kúrò lára rẹ̀.

1. Ẹ wá nọ́ńbà tó kéré jù lọ tí 4 àti 3 lè pín láìṣẹ́ kù. Ẹ ka 4 lọ: 4, 8, 12. Ẹ ka 3 lọ: 3, 6, 9, 12. Orí 12 ni wọ́n ti pàdé.

2. Ẹ sọ méjèèjì di ìdá méjìlá. 4 lọ́nà 3 ló di 12, nítorí náà 3 òkè lọ́nà 3 jẹ́ 9: 3/4 di 9/12. 3 lọ́nà 4 ló di 12, nítorí náà 1 lọ́nà 4 jẹ́ 4: 1/3 di 4/12.

3. Ègé ti dọ́gba, ẹ ka á. 9 yọ 4 ku 5. Ìdáhùn ni 5/12.

4. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. 3/4 yáàdì jẹ́ íǹṣì 27, 1/3 jẹ́ 12, ó ku 15. 5/12 ńkọ́? 5 lọ́nà íǹṣì 3 jẹ́ 15. Ó bára mu.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kí ọmọ yọ òkè kúrò nínú òkè, kó tún yọ ìsàlẹ̀ kúrò nínú ìsàlẹ̀: 3 yọ 1 ku 2, 4 yọ 3 ku 1, ó wá kọ 2/1. Ẹ má kàn fi bírò pupa fa á. Ẹ ní kó ka ìdáhùn náà jáde: aṣọ tí kò pé yáàdì kan, a gé lára rẹ̀, ó wá ku yáàdì 2? Ọmọ fúnra rẹ̀ á rí i pé kò lè rí bẹ́ẹ̀.

Kò pọn dandan kí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ tí ẹ yàn jẹ́ èyí tó kéré jù. Bí ọmọ bá ń ṣe 5/6 − 1/4, tó lo 24 dípò 12, á rí 20/24 − 6/24, tí í ṣe 14/24. Ó gbà á. Kó ṣáà fi 2 pín òkè àti ìsàlẹ̀ kó lè di 7/12. Èmi kì í bá ọmọ jà lórí èyí. Kíkéré nọ́ńbà ń dín iṣẹ́ kù ni, kì í ṣe òun ló ń mú ìdáhùn tọ̀nà.

Bí odidi bá wà lára ìdá, tí ìdá àkọ́kọ́ sì tó yọ, ẹ yọ odidi kúrò nínú odidi, kí ẹ yọ ìdá kúrò nínú ìdá. 5 3/4 − 2 1/3: odidi 5 yọ 2 ku 3, 3/4 yọ 1/3, a ti rí i lókè yẹn, 5/12 ni. Ìdáhùn: 3 5/12.

Nígbà tí ìdá àkọ́kọ́ kò tó yọ

Ibí yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jù, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máàkì ń sọnù sí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó rọrùn. Ẹ ra Àǹkárá yáàdì 6, aṣọ ẹnì kan gba 2 3/4. Mélòó ló kù? 6 kò ní ìdá kankan lára tí a lè yọ 3/4 kúrò nínú rẹ̀. Ẹ mú yáàdì kan nínú 6, kí ẹ gé e sí ìdá mẹ́rin: 6 di 5 4/4. Aṣọ kò dín, kò sì lé. Ọ̀kan lára rẹ̀ ni a kàn gé sí wẹ́wẹ́. Ó wá kù 5 4/4 − 2 3/4, tí í ṣe 3 1/4.

Ó yá, 5 1/4 − 2 2/3.

1. Ìsàlẹ̀ tó bára mu fún 4 àti 3 ni 12. 5 1/4 di 5 3/12. 2 2/3 di 2 8/12.

2. Ẹ wo òkè: 3 kò tó yọ 8.

3. Ẹ yá odidi kan lọ́wọ́ 5, ó ku 4. Odidi tí ẹ yá yẹn, ìdá méjìlá ni ẹ ó gé e sí, torí pé ìdá méjìlá ni a ń kà: 12/12. Ẹ dà á pọ̀ mọ́ 3/12 tó wà nílẹ̀, ó di 15/12. 5 3/12 ti di 4 15/12.

4. 4 yọ 2 ku 2. 15 yọ 8 ku 7. Ìdáhùn: 2 7/12.

5. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Yáàdì 5 1/4 jẹ́ íǹṣì 189. Yáàdì 2 2/3 jẹ́ íǹṣì 96. Ó ku 93. 2 7/12: yáàdì 2 jẹ́ íǹṣì 72, 7 lọ́nà 3 jẹ́ 21, àròpọ̀ wọn jẹ́ 93.

Ohun tí ọmọ tó ń kánjú máa ń ṣe níbí ni pé, nígbà tó rí i pé 3 kò tó yọ 8, á kàn yí i padà, á yọ 3 kúrò nínú 8, á wá kọ 3 5/12. Sọ èyí di íǹṣì: 108 pẹ̀lú 15, 123 ni. Íǹṣì 30 gbáko ló fi lé, aṣọ tí kò sí níbì kankan. Àṣìṣe kejì ni kó kọ 1 síwájú 3, kó di 13/12 dípò 15/12. Inú ìyọkúrò odidi nọ́ńbà ló ti gbé e wá, níbi tí a ti ń yá 10. Nínú ìdá, 10 kọ́ ni a ń yá. Iye tó wà nísàlẹ̀ ni. Bí ìsàlẹ̀ bá jẹ́ 8, 8/8 ni ẹ yá. Bó bá jẹ́ 12, 12/12 ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa kọ 12/12 yẹn jáde ní gbangba títí yóò fi mọ́ ọn lára. Kó má ṣe é nínú ọpọlọ.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò ní yíyá nínú: ẹ sọ méjèèjì di ìdá kan ṣoṣo. 5 1/4 jẹ́ 21/4, 2 2/3 jẹ́ 8/3. Lórí 12, wọ́n di 63/12 àti 32/12. 63 yọ 32 ku 31. 31/12 jẹ́ 2 7/12. Ọmọ tí yíyá bá ń dà láàmú lè máa lo èyí títí lọ. Àléébù rẹ̀ kò ju pé nọ́ńbà máa ń tóbi: ẹni tó bá fẹ́ ṣe 37 1/2 − 29 3/4 lọ́nà yìí á rí 150/4 − 119/4, tí ẹni tó yá odidi kan á sì ti rí 36 6/4 − 29 3/4, 7 3/4, kó tó parí.

Pínpín

Bí wọ́n bá kọ 6 ÷ 3/4, ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé: ìgbà mélòó ni 3/4 wọ inú 6? Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìbéèrè yìí kó tó kọ ohunkóhun. Ká sọ pé síkẹ́ẹ̀tì ọmọdé kan gba 3/4 yáàdì. Mélòó ni a lè gé nínú Àǹkárá yáàdì 6?

Ohun tí a ṣe nínú ìyọkúrò náà ni a ó tún ṣe: ká sọ wọ́n di ègé tó dọ́gba. Yáàdì 6 jẹ́ 24/4. Ègé 24 ló wà nílẹ̀, síkẹ́ẹ̀tì kan ń jẹ ègé 3. 24 pín sí 3-3 jẹ́ 8. Síkẹ́ẹ̀tì 8. Lórí téèpù, íǹṣì 216 ni gbogbo aṣọ, 27 ni síkẹ́ẹ̀tì kan, 27 sì wọ inú 216 nígbà 8.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń pa ìdáhùn yìí rẹ́ fúnra wọn. Wọ́n ti gbà pé pínpín ń sọ nǹkan di kékeré, báwo ni 6 ṣe máa di 8? Ẹ má gbójú fo ìbéèrè yẹn. 6 jẹ́ iye yáàdì, 8 jẹ́ iye síkẹ́ẹ̀tì. Níwọ̀n ìgbà tí síkẹ́ẹ̀tì kan kò ti gba yáàdì kan tán, iye síkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ju iye yáàdì lọ. Kí ẹ tó ṣe ìṣirò rárá, ẹ lè ti mọ̀: bí ohun tí a fi ń pín bá kéré sí 1, ìdáhùn á ju ohun tí a pín lọ, bó bá ju 1 lọ, ìdáhùn á kéré sí i.

Nígbà tó bá jẹ́ pé odidi ni a fi pín ìdá, ìbéèrè rẹ̀ rọrùn jù báyìí: bí ẹni méjì bá pín 3/4 yáàdì, kí ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan? 3 kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, nítorí náà ẹ gé ìdá mẹ́rin kọ̀ọ̀kan sí méjì, 3/4 á di 6/8, ẹnì kọ̀ọ̀kan á gba 3/8. Íǹṣì 27 pín sí méjì jẹ́ 13 1/2, 3/8 yáàdì sì nìyẹn.

Kí ni ohun tó ṣẹ́ kù túmọ̀ sí?

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, torí ìwé ìṣirò máa ń sáré kọjá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ẹni tó ń gé aṣọ ló ti ń dun ni. Ó ku 5/6 yáàdì nílẹ̀, ẹ fẹ́ fi rán àpò, àpò kan sì gba 1/4 yáàdì. 5/6 ÷ 1/4.

Ìsàlẹ̀ tó bára mu fún 6 àti 4 ni 12. 5/6 di 10/12, 1/4 di 3/12. Ègé 10, àpò kan ń jẹ 3. 10 ÷ 3 jẹ́ 3, ó ṣẹ́ ku 1. Ìdáhùn ni 3 1/3.

1/3 kí ni? Ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ pé 1/3 yáàdì ló kù. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí téèpù. 5/6 yáàdì jẹ́ íǹṣì 30. Àpò 3 gba íǹṣì 27. Ó ku íǹṣì 3. 1/3 yáàdì sì jẹ́ íǹṣì 12! Ohun tó kù jẹ́ 1/3 àpò: íǹṣì 3 nínú íǹṣì 9 tí àpò kan ń gbà. Bí ẹ bá fẹ́ kà á ní yáàdì, 1/12 yáàdì ni. Nínú pínpín, ohun tí a fi pín ni a fi ń wọn ìdáhùn, ìdá tó bá sì wà lára ìdáhùn, ìdá ohun tí a fi pín yẹn ni. Nígbàkigbà tí ìdáhùn bá ní ìdá lẹ́yìn, ẹ bi ọmọ pé: ìdá kí ni? Bí kò bá lè dáhùn, kò tíì yé e, kódà bí nọ́ńbà rẹ̀ bá tọ̀nà.

Òfin ìdojúdé, àti ibi tó ti wá

Ìdá 1/4 mélòó ló wà nínú yáàdì 1? Mẹ́rin. Ẹyọ 3/4 mélòó ló wà nínú yáàdì 1? 3/4 tóbi ju 1/4 lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, nítorí náà iye tó máa wọ inú rẹ̀ á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta: 4/3, tí í ṣe 1 1/3. Téèpù gbà bẹ́ẹ̀: íǹṣì 27 wọ inú 36 lẹ́ẹ̀kan, ó ku 9, 9 sì jẹ́ 1/3 ti 27.

Bí yáàdì 1 bá ní 3/4 ní ìgbà 4/3, yáàdì 6 á ní i ní ìgbà 6 lọ́nà 4/3: 24/3, 8. Òfin náà nìyẹn. Fífi 3/4 pín nǹkan àti fífi 4/3 sọ nǹkan náà di púpọ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n. Brahmagupta, onímọ̀ ìṣirò àti ìràwọ̀ ará Íńdíà, ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 628 pé kí a gbé òkè àti ìsàlẹ̀ ìdá tí a fi ń pín sí ipò ara wọn, kí a tó sọ ọ́ di púpọ̀.

Bí ẹ ṣe máa lò ó nìyí, lórí iṣẹ́ àpò lẹ́ẹ̀kan sí i:

1. Ẹ fi ìdá àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà: 5/6.
2. Ẹ yí ÷ padà sí ×.
3. Ẹ dojú ìdá kejì dé: 1/4 di 4/1.
4. Òkè lọ́nà òkè, ìsàlẹ̀ lọ́nà ìsàlẹ̀: 20/6, tí í ṣe 3 2/6, 3 1/3.

Ìdá kejì nìkan ni a ń dojú rẹ̀ dé, torí òun ni a fi ń pín. Ẹni tó bá dojú èkíní dé á rí 6/5 × 1/4, 6/20, tí kò tó àpò kan pàápàá. Bó bá sì jẹ́ odidi ni a fi ń pín, ẹ kọ́kọ́ fi 1 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: 2 jẹ́ 2/1, bí a bá dojú rẹ̀ dé ó di 1/2.

Odidi pẹ̀lú ìdá nínú pínpín

Nínú ìyọkúrò, a lè yọ odidi lọ́tọ̀, kí a yọ ìdá lọ́tọ̀. Nínú pínpín, ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo 5 1/4 ÷ 1 1/2. Ọmọ tó bá pín in lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ á ní 5 ÷ 1 jẹ́ 5, 1/4 ÷ 1/2 jẹ́ 1/2, ìdáhùn 5 1/2. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò: bí bùbá kan bá gba yáàdì 1 1/2, bùbá 5 nìkan á gba yáàdì 7 1/2, bẹ́ẹ̀ 5 1/4 péré ló wà nílẹ̀. Kò ṣeé ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ sọ méjèèjì di ìdá kan ṣoṣo: 21/4 ÷ 3/2. Lẹ́yìn náà ẹ mú ọ̀nà tó bá wù yín. Pẹ̀lú ègé tó dọ́gba, 3/2 di 6/4, 21 ÷ 6 jẹ́ 3 3/6, ìyẹn 3 1/2. Pẹ̀lú ìdojúdé, 21/4 × 2/3 jẹ́ 42/12, tí í ṣe 3 1/2. Bùbá 3, aṣọ ìdajì bùbá sì kù.

Bí nọ́ńbà bá ń tóbi, ẹ gé e kù kí ẹ tó sọ ọ́ di púpọ̀. 7 1/2 ÷ 1 1/4 di 15/2 × 4/5. 5 wọ inú 15 nígbà 3, 2 wọ inú 4 nígbà 2, ó ku 3 lọ́nà 2: 6. Ẹ̀yìn tí ẹ bá ti dojú ìdá kejì dé nìkan ni ẹ lè gé báyìí. Ẹni tó bá gé e nígbà tí ÷ ṣì wà láàárín ti ba iṣẹ́ jẹ́.

Iṣẹ́ méjì lórí tábìlì

Wọ́n ra aṣọ yáàdì 10. Aṣọ ìyá gba 2 3/4. Èyí tó kù, wọ́n fẹ́ fi rán ṣẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ, ṣẹ́ẹ̀tì kan gba 1 1/2. Ṣẹ́ẹ̀tì mélòó ló máa jáde, aṣọ mélòó ló sì máa ṣẹ́ kù?

10 − 2 3/4 jẹ́ 9 4/4 − 2 3/4, 7 1/4. Lẹ́yìn náà, 7 1/4 ÷ 1 1/2: 29/4 ÷ 6/4, 29/6, 4 5/6. Iléèwé kọ́ ọmọ pé 4 5/6 sún mọ́ 5. Aṣọ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì 4 ni. Ohun tó kù jẹ́ 5/6 ṣẹ́ẹ̀tì, ìyẹn 5/6 lọ́nà 3/2 yáàdì, 15/12, yáàdì 1 1/4. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ṣẹ́ẹ̀tì 4 gba yáàdì 6, 7 1/4 yọ 6 ku 1 1/4.

Iṣẹ́ kejì ni ti obìnrin tí a wọn níbẹ̀rẹ̀, íǹṣì ni a sì ń kà báyìí. Télọ̀ máa ń pín ìwọ̀n àyà sí mẹ́rin, torí pé ó ká aṣọ, ìdá mẹ́rin ara ló sì ń gé lójú kan. 37 1/2 ÷ 4: 75/2 × 1/4, 75/8, 9 3/8. Ìbàdí: 29 3/4 ÷ 4: 119/4 × 1/4, 119/16, 7 7/16. (Àyè ojú rírán ṣì máa kún un o, ẹ má gé e bẹ́ẹ̀.) Èló ni ìbàdí fi dín sí àyà nínú ìdá mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, tí télọ̀ máa gbà wọlé? 9 3/8 − 7 7/16: 9 6/16 − 7 7/16. 6 kò tó yọ 7, ẹ yá 16/16: 8 22/16 − 7 7/16, 1 15/16.

Ọ̀nà kejì wà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kọ́kọ́ yọ ìbàdí kúrò nínú àyà: 7 3/4, bí a ṣe rí i lókè. Ẹ wá pín in sí mẹ́rin: 31/4 × 1/4, 31/16, 1 15/16. Ọ̀nà méjèèjì pàdé. Bí ìlà téèpù yín bá mọ sórí ìdá mẹ́jọ, ẹ wá àárín 1 7/8 àti 2, ibẹ̀ ni.

Ẹ gbìyànjú

Ẹ bo ìdáhùn mọ́lẹ̀, kí ẹ ṣe é lórí bébà, kí ẹ sì sọ ọ́ di íǹṣì kí ẹ tó ṣí i.

a) 4 1/6 − 1 3/4
b) 8 − 3 5/8
d) 3 3/4 ÷ 5/8
e) 2 2/3 ÷ 1 1/9

Ìdáhùn (a): 4 2/12 − 1 9/12, ẹ yá 12/12, 3 14/12 − 1 9/12, 2 5/12. Ní íǹṣì, 150 yọ 63 ku 87.

Ìdáhùn (b): 7 8/8 − 3 5/8, 4 3/8. Ẹni tó bá rí 5 5/8 kàn so 5/8 mọ́ odidi tó ṣẹ́ kù ni, kò yọ ọ́ kúrò.

Ìdáhùn (d): 15/4 × 8/5. 5 wọ inú 15 nígbà 3, 4 wọ inú 8 nígbà 2. 6.

Ìdáhùn (e): 8/3 ÷ 10/9. Lórí ìdá mẹ́sàn-án, 24/9 ÷ 10/9, 24 ÷ 10, 2 4/10, tí í ṣe 2 2/5. Ní íǹṣì, 96 ni àkọ́kọ́, 40 ni èkejì: 40 wọ inú 96 nígbà 2, ó ṣẹ́ ku 16, 16 nínú 40 sì jẹ́ 2/5.